Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó ní Ngomari

Ilé Kaka Àjíkẹ́,
Ngomari, Maiduguri,
Ìpínlẹ̀ Borno.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1985.

Àǹtí mi Ọládùnní,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́, àti àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ iléèwé yín tí wọn kì í gbọ́ràn? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo ilé ní àlàáfíà. Ní tèmi, ara mi le, ó tilẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ayọ̀ kò jẹ́ kí n sùn, ìbínú kò sì jẹ́ kí n jókòó.

Àǹtí mi, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka ìlà tó kàn. Mo ti lọ́kọ. Wọ́n ti so yìgì mi láti inú ọyẹ́ tó kọjá, ní ìta ilé Bàbá Àmúsà ní àdúgbò Gamboru níbí, níwájú àwọn àlùfáà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí yín pé ara mi le, pé mo ń bá Bàbá Àmúsà ta ọjà, tí mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya lẹ́tà yìí. Ẹ kà á dé òpin ná.

Làtíì lorúkọ ọkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ibí ni wọ́n bí i sí, ibí náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Awọ màlúù ló ń rà ní Kasuwan Shanu, ìyẹn ọjà màlúù ibí, tó ń fi lọ́rì kó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ọbẹ̀ yín kì í pé láìsí pọ̀nmọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jẹ lára iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi láìmọ̀. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá ń sọ Yorùbá, bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́, Àǹtí mi. Inú rẹ̀ mọ́ débi pé mo máa ń dédé rẹ́rìn-ín tí mo bá ń fọ abọ́.

Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, ẹ̀yin lẹ rán mi níwèé títí mo fi jáde girama. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, mo mọ̀. Bàbá Àmúsà ló ní kí n pa ẹnu mọ́. Òun tó jẹ́ àbúrò bàbá wa ló dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá níbi yìgì náà, mi ò sì lè rú òfin rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: “Mùfúlíátù, mo mọ Ọládùnní. Ọjọ́ tó bá gbọ́, ọjọ́ náà ni yóò kó odindi àdúgbò wá síbí wá bá wa ṣe ìnáwó. Kí la ó fún wọn mu? Iyanrìn?”

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìjà ẹbí, kì í ṣe pé ọkọ kò ní. Omi ni kò jẹ́ ká ṣe ìnáwó ìgbéyàwó mi. Omi ọ̀hún sì wà! Ó wà, wọ́n tì í mọ́lé ni. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín kí ẹ bá mi bínú.

Ọ̀dá tó ń jà níbí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí láti Òṣogbo. Òjò ọdún tó kọjá kò ju kí ó wọ́n eruku mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sá wá láti ìhà adágún Chad ní omi ti jìnnà sí abúlé àwọn, pé ọkọ̀ ojú omi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹran tó kú. Ní Kasuwan Shanu, egungun màlúù lẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí màlúù fúnra rẹ̀. Làtíì ní awọ wọn ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlòkù. Àwọn kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní Ngomari, bí okùn ṣe ń gùn sí i ni omi ń sá lọ. Mai ruwa ló kù fún wa, ìyẹn àwọn tó ń fi ọmọlanke kiri omi. Iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè é, ẹ ò sì gbọdọ̀ jiyàn, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ti na garawa tirẹ̀ sílẹ̀.

Àárín ìyà yìí la wà tí àwọn òyìnbó fi dé. Ìjọba ilẹ̀ wọn ló bá ìjọba wa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, pé àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kí á lè fara da ọ̀dá. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Theresa ló ṣáájú wọn, tí oòrùn ti bó imú rẹ̀ tó pọ́n bí orí ìṣáná. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Ngomari, ó ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, títí tí àwọn ewúrẹ́ fi mọ́ra tí wọn kò sá mọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga náà dé ibi tí ọ̀dá kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n gbé táǹkì ńlá sókè, wọ́n to ẹnu ẹ̀rọ sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi tí ẹran ọ̀sìn yóò ti máa mu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, omi tú jáde pẹ̀lú agbára, ó mọ́ gaara, àwọn obìnrin sì bú sẹ́kún.

Kì í ṣe omi nìkan. Wọ́n tún fẹ́ fi igi yí Ngomari ká kí yanrìn aṣálẹ̀ má baà bò wá. Wọ́n pín ọmọ igi dogon yaro nínú agolo fún àwọn obìnrin, pé kí kálukú tọ́ tirẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ìyá bàbá ọkọ mi gba tirẹ̀. Àjíkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kaka ni gbogbo Ngomari ń pè é, ìyẹn ìyá àgbà lédè Hausa. Òun ló tọ́ Làtíì dàgbà. Kaka to àwọn agolo rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò ti lè rí wọn pa, ó sì ń bá wọn wí bí ọmọ ọwọ́: “Ìwọ, kí ló dé tí o dorí kodò? Ta ló nà ọ́?”

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí tó sì dára ni wọ́n wá fi wáyà yí i ká, wọ́n fi àgádágodo tì í. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ló tì í. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá síbí láti máa ṣe alárinà láàárín àwa àti àwọn òyìnbó. Ó kó wa jọ, ó ní aṣojú ìjọba ilẹ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ wá ṣí i. Aṣojú yóò gé rìbọ́ọ̀nù, wọn yóò ya fọ́tò, fọ́tò náà yóò sì lọ sí òkè òkun kí àwọn tó dá owó lè fi ojú ara wọn rí i pé a ti ń mu omi. Nítorí náà, kí á má tíì mu ún! Àǹtí mi, tíṣà ni yín, ẹ bá mi wò ó bóyá orí mi ló dàrú. Kí wọ́n lè fi hàn pé òǹgbẹ kò gbẹ wá mọ́, kí òǹgbẹ ṣì máa gbẹ wá.

Wọ́n ní kí á dúró de ìparí oṣù Kìíní. Bàbá Àmúsà fi ìnáwó mi sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní omi yóò ti wà. Aṣojú kò wá, wọ́n ní ìpàdé dá a dúró ní Èkó. A sún ìnáwó síwájú. Wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn nínú oṣù Kejì, àwa náà dá tiwa tẹ̀lé e. Eruku bo ojú ọ̀run, wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ kò lè balẹ̀. A tún sún un. Wọ́n dá ẹ̀kẹta, ó yẹ̀, wọn kò tilẹ̀ sọ ìdí. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tí mi ò rí rí, tí kò mọ̀ pé wọ́n bí mi sáyé, òun ló ń yẹ ọjọ́ ìgbéyàwó mi!

Gamboru ni mo ṣì ń gbé nígbà náà, ní ilé Bàbá Àmúsà, torí wọn kò tíì sìn mí wá sílé ọkọ. Bí mo bá wá kí Kaka, iwájú ọgbà wáyà yẹn ni mo máa ń gbà kọjá. Rìbọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n ta sí i ti ṣá, ó ti funfun bí ọ̀já òkú. Omi ń kán nínú lọ́hùn-ún, tó, tó, tó, àwọn ẹyẹ ń wọlé lọ mu ún, ènìyàn kò gbọdọ̀ wọlé. Igi wọn ńkọ́? Omi tí à ń rà lọ́wọ́ mai ruwa la fi ń rin igi àwọn tó ti omi mọ́ wa lójú. Kaka máa ń bu lára omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún dogon yaro.

Ìgbà tó yá, Kaka ní òun kò lè dúró mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé ìyàwó òun wá, kí àlejò máa bọ̀ wá jẹun nígbà tí omi bá dé. Ẹ mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ní ìdílé tiwọn, omi náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rà. Kaka ní, “Ìyàwó tí wọ́n bá fi omi ọjà wẹ ẹsẹ̀ fún, bí ẹni tó wá nájà ni yóò máa ṣe nínú ilé, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lọ́nà.” Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn baba ńlá wọn ti gbé òfin yìí wá, níbi tí odò ti ń ṣàn, wọ́n wá ń lò ó ní Maiduguri níbi tí omi ti wọ́n ju ẹran lọ! Mo rẹ́rìn-ín. Kaka kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ìhà ibi tí táǹkì wà, ó ní, “Èyí yẹn ńkọ́? Ta ló rà á?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kun làálì sí mi lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n fi aṣọ bò mí lójú, àwọn obìnrin Ngomari sì sìn mí lọ sẹ́nu ọgbà wáyà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kaka ló ṣíwájú, ó gbé igbá dání. Bàbá Bukar ni máígáádì ibẹ̀, àgbàlagbà Kanuri kan tó máa ń jókòó sórí ẹní láti òwúrọ̀ tí ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kaka sọ fún un pé amarya rèé, ìyẹn ìyàwó tuntun, pé igbá omi kan péré la wá bù fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Bukar wo ẹsẹ̀ mi, ó wo àgádágodo. “Haba, Kaka! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́ ni?” Kaka ní, “Bukar, o bí ọmọbìnrin. Ṣé kí ìyàwó máa jó nínú oòrùn ni?” Bàbá Bukar fi tẹ̀sùbáà sápò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ní nílé tiwọn náà, a kì í dá ìyàwó padà láìfún un lómi.

Àǹtí mi, omi yẹn tutù! Ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi ni Kaka ti dà á sí mi lẹ́sẹ̀, gbogbo obìnrin ń ké pé, “Allah ya ba da zaman lafiya,” pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí á gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Làtíì dúró nínú ilé, ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sórí láti fi kí mi káàbọ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ, ó kàn ń wí pé “Sannu, sannu,” bí ẹni tó ń kí oníbàárà. Mo rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìbòjú fi já bọ́. Bí mo ṣe di ìyàwó ilé nìyẹn. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ẹ̀ bá sunkún, èmi náà sì sunkún nítorí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, amarya mìíràn yọ. Aládùúgbò wa ni, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ó fi aṣọ bojú, ó ní kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ òun. Bàbá Bukar wo ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. “Amarya yìí mà yára o,” ló wí, ó sì ṣí i. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń yọ ní Ngomari. Ìyàwó kan ṣoṣo, àwọn tó ń sìn ín lọ yóò gùn bí ìlà àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, kálukú pẹ̀lú garawa. À ń tò létòlétò bí ìjọba ológun ṣe pa á láṣẹ. Bàbá Bukar yóò béèrè orúkọ ọkọ, yóò ṣe àdúrà ọmọ fún ìyàwó, kò sì ní rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn tó ti lọ́mọọmọ ń ṣe àmín pẹ̀lú ohùn ọmọge.

Ọjọ́ tó kan Kaka láti ṣe ìyàwó ni ọkọ̀ funfun Ọ̀gbẹ́ni Johnson já wọ àárín wa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ni gbogbo èyí. Bàbá Bukar dìde dúró, ó ní, “Amarya ce, oga.” Johnson ní kí ìyàwó ṣí ojú rẹ̀ kí òun rí i. Kaka ṣí aṣọ lójú, ó fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, eyín méjì péré ló wà níwájú. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ta sẹ́yìn. “Mama! Ẹ̀yin kẹ̀? Ìyàwó ta ni yín?” Kaka ní, “Ìyàwó aṣojú ni mí. Òun náà la ti ń retí láti inú ọyẹ́. Bí ọkọ kò bá wá, ṣé ìyàwó kò ní mu omi ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi Johnson nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé a fẹ́ ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ lójú àwọn olùrànlọ́wọ́. Ó ní bí aṣojú bá dé, tó bá ẹnu ẹ̀rọ tí ó ti tutù, tí ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, kí ló tún kù tí yóò ṣí? Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ. Mo gbàgbé pé ìyàwó tuntun kì í gbóhùn sókè, mo jáde síwájú, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé torí òǹgbẹ ni wọ́n fi gbẹ́ kànga yìí àbí torí fọ́tò?” Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, iléèwé wo lo lọ tí wọn kò kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀?” Mo ní, “Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo ni.” Ẹ má bínú, Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yín ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò lè gbàgbé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá Bukar lójú gbogbo wa, ó ní kó ká ẹní rẹ̀ kó máa lọ sílé. Àgbà tó lè bí i! Bàbá Bukar gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ apá, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Johnson fi àgádágodo mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ti ọgbà náà. Kò sí ẹni tó fi Bàbá Bukar ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní Ngomari. Àánú tó fún mi lómi ni wọ́n fi lé e. Ọjọ́ yẹn ni ayọ̀ ìyàwó tuntun dá lára mi, mo sì sọ fún Làtíì pé ọjọ́ tí aṣojú náà bá dé, mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún un.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kaka ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ní ọmọ igi nílé. Ó ní, “Igi yìí kì í ṣe tèmi, tiwọn ni. Omi yẹn kì í ṣe tèmi, tiwọn ni. Ẹ jẹ́ kí tiwọn lọ bá tiwọn gbé.” A gbé àwọn agolo náà sórí, a kó gbogbo wọn lọ, a tò wọ́n yí ọgbà wáyà náà ká títí ewé wọn fi ń kan wáyà. Kò sí ẹni tó kọrin, kò sí ẹni tó ju òkúta. A gbé wọn kalẹ̀ nínú oòrùn, a lọ sílé. Mo rí i tí Kaka bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi etí gèlè nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ewé ti ń dorí kodò. Ọ̀gbẹ́ni Johnson dé, ó rí i, òógùn bò ó, torí àwọn igi yẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò. Ó ń kan ilẹ̀kùn wa kiri pé ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú wá gbé tirẹ̀. Gbogbo ilé tó dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbọ́: “Omi dà?” Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó lọ pe mai ruwa! Ó ní kó wá ta omi fún òun kí òun fi rin igi. Mai ruwa ti ọmọlanke rẹ̀ dé, ó wo igi, ó gbójú sókè wo táǹkì tó kún dẹ́nu, ó ní, “Oga, omi wà lẹ́yìn yín.” Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní Kasuwan Shanu gbọ́ ọ.

Ibi ẹ̀rín yẹn ni Theresa bá wa. Àwọn abúlé ìhà adágún ló ti wà láti ìgbà yìí tó ń gbẹ́ kànga mìíràn. Ó gbọ́ Hausa díẹ̀, mai ruwa fúnra rẹ̀ ló rò ó fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun rò pé ayẹyẹ nìkan ló kù, pé a ti ń pọn omi láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má yára yìn ín o! Òun náà tún ní kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá òun. Kaka kò bá a jà. Ó mú un lọ́wọ́, ó fà á lọ sídìí igi kan tó ti rọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ewé rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá rẹ jìnnà. Béèrè lọ́wọ́ èyí.” Theresa bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí Johnson, ó gba kọ́kọ́rọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tú rìbọ́ọ̀nù náà, ó ká a sápò bí aṣọ ìnumú.

Ọgbà ti ṣí, omi ti ń tú, garawa ti wà nílẹ̀. Kaka na ọ̀pá rẹ̀ dábùú ọ̀nà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní pọn omi títí Bukar yóò fi padà sórí ẹní rẹ̀. A dúró, Àǹtí mi! A dúró pẹ̀lú òǹgbẹ níwájú omi tó ti ṣí, Làtíì sì fi alùpùpù sáré lọ gbé e wá. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ló tẹ́ ẹní náà fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, Theresa dúró tì í títí ó fi tẹ́ ẹ tán. Bàbá Bukar jókòó, ó yọ tẹ̀sùbáà jáde, ó ní, “To, ta ni amarya òní?”

Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ là ń pọn omi, àwọn màlúù sì ń mu tiwọn. Ẹ má rò pé a kò mọ oore. A mọ̀ ọ́n, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún mi lóúnjẹ kó má di ọ̀nà ọ̀fun mi mú pé kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú ayọ̀ mi. Omi ti dé, Bàbá Àmúsà ti dá ọjọ́ ìnáwó, ọjọ́ náà yóò wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Gbogbo yín ni kí ẹ wá, ẹ kó àdúgbò wá bí ẹ bá fẹ́. Ẹ bá mi mú irú dání, àti ẹ̀lùbọ́, torí ti ibí kò dára. Làtíì yóò wà ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, yóò ya Òṣogbo wá kó yín nínú bọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ fi lọ́rì pọ̀nmọ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá kí yín tí Yorùbá rẹ̀ sì há sí i lọ́fun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ, kí ẹ̀yìn yín san. Bí ẹ ṣe tọ́ mi tí n kò fi rí ìyà àìníyàá, kí àwọn ọmọ yín má rí ìyà láéláé. Kí òjò ọdún yìí rọ̀ fún gbogbo wa ní ìwọ̀n tó tó.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́,
Mùfúlíátù, ìyàwó Làtíì.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Johnson wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Kaka dáadáa, n kò ní fi dù ú. Ó ní aṣojú ti wá rí àyè báyìí, ọjọ́ ìnáwó tiwa gan-an ló mú, nítorí náà kí á jọ̀ọ́ sún tiwa síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, inú ààwẹ̀ Ramadan! Mo ti la ẹnu, Kaka gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. Ó ní, “Sọ fún un pé a kí i. Tó bá fẹ́ wá, kó wá, oúnjẹ yóò tó o. Kó jókòó níbi tí àwọn àlejò bá jókòó sí. Ọjọ́ wa kò ní yẹ̀ mọ́ nítorí ẹnikẹ́ni.” Bẹ́ẹ̀ ni o, Àǹtí mi. Ẹ sọ fún gbogbo wọn nílé, kí ẹnikẹ́ni má pẹ́: Sátidé, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 1985.